Láti òde ìnáwó bọ́ sídìí kámẹ́rà dọkumẹ́ńtárì: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Fídíò òde ìyàwó àti ti ìsìnkú ni mò ń yà n'Íbàdàn. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni Sony a7 III kan, lẹ́ńsì 28-70 tí wọ́n tà mọ́ ọn, gimbal kan (ọ̀pá tó ń mú kámẹ́rà dúró kó má mì) àti tráípọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ kámẹ́rà dọkumẹ́ńtárì ni mo fẹ́ bọ́ sí. Ṣé kí n yáwó ra kámẹ́rà tó ju èyí lọ? Kí ni òde ìnáwó ò kọ́ mi tí mo gbọ́dọ̀ mọ̀? Báwo sì ni wọ́n ṣe ń díye lé iṣẹ́ náà? Ẹ bá mi sọ ọ́ ní pàtó, ẹ jọ̀ọ́.

Ojúlarí

Àbúrò, má yáwó. Kámẹ́rà ọwọ́ rẹ tó iṣẹ́ ṣe. Ó ń gba 4K ní megabit 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó ní ihò máìkì àti ti hẹ́ẹ̀dìfóònù, káàdì méjì ló sì ń gbà. Ibi tó kù sí ni pé 8-bit ni àwọ̀ tó ń kó sínú káàdì, ìpele àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Fún ìdí yìí, má fi S-Log3, ètò tó ń mú àwọ̀ rẹ̀ sá kí olóòtú lè kùn ún lẹ́yìn, yàwòrán lórí rẹ̀. Bí olóòtú bá fọwọ́ kan àwọ̀ rẹ̀ díẹ̀, ojú ọ̀run á là sí ìlà-ìlà, ibi òjìji á sì kún fún hóróhóró. HLG tàbí Cine, àwọn ètò àwọ̀ mìíràn tó wà nínú kámẹ́rà náà, ni kí o lò, kí o sì gba ìmọ́lẹ̀ rẹ bó ṣe yẹ níbi tí o ti ń yà á, má sọ pé olóòtú á tún un ṣe.

Sùúrù lohun tí òde ìnáwó ò kọ́ ọ. Níbẹ̀, kámẹ́rà ló ń sáré kiri, nítorí pé ojú gbogbo àlejò gbọ́dọ̀ wọ fídíò. Nídìí dọkumẹ́ńtárì, ìwọ lo máa dúró kí ọ̀rọ̀ wá bá ọ. Fi gimbal sílé fún oṣù mẹ́fà.

Jẹ́ ká mú aládìírẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Obìnrin kan ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sórí aṣọ. Àwòrán márùn-ún ni kí o kọ́kọ́ gbà: ọwọ́ rẹ̀ nìkan, ojú rẹ̀ nìkan, ojú àti ọwọ́ pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ kí a lè rí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wò, lẹ́yìn náà gbogbo àgbàlá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní ìṣẹ́jú àáyá 10, kámẹ́rà ò sì gbọdọ̀ mì. Kà á sínú. Ẹni tó ti òde ìyàwó wá máa ń rò pé òun ti dúró fún 10, nígbà tí kò tíì ju 4 lọ.

Wàyí o, aṣọ wọ ìkòkò ẹ̀lú. Bó bá jáde, àwọ̀ ewé tó ń pọ́n bí òróró ló máa ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró níṣojú ẹni. Kò sí gígé níbí. Bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó wọ ìkòkò, má pa kámẹ́rà títí aṣọ yóò fi dú. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, yọ white balance (ètò tó ń mú àwọ̀ bá ìmọ́lẹ̀ mu) kúrò lórí auto, fi sí 5600K, ti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, bó bá jẹ́ pé ìta gbangba ni. Lórí auto, bí aṣọ yẹn bá ṣe ń kún ojú lẹ́ńsì ni kámẹ́rà á máa yí àwọ̀ padà láti bá a mu, ohun tí o tìtorí ẹ̀ wá gan-an ló sì máa bàjẹ́.

Olóòtú Agége

Gbogbo rẹ̀ ni mo fọwọ́ sí, àfi ti gimbal. Bí ẹni tí à ń yà bá ń rìn ọ̀nà jíjìn, ó wúlò. Ohun tó burú ni kí gbogbo àwòrán máa léfòó.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń sunkún lé lórí lọ́dọ̀ tiwa. Èkíní, ẹni tí kì í jáde kúrò nínú àwòrán. Ayàwòrán á máa tẹ̀ lé bàbá náà láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ, kò sí ibi tí a lè gé sí. Dúró, jẹ́ kí ó rìn jáde kúrò nínú àwòrán, kí àyè náà ṣófo fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Àyè òfìfo yẹn ló ń jẹ́ ká lè gbé bàbá yẹn láti ilé rẹ̀ dé oko nínú ìṣẹ́jú àáyá kan.

Èkejì, ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì bí ẹni tó ń sọ ọ́. Bí ẹni méjì bá ń jiyàn, àwọn tuntun máa ń lé ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ kiri, wọ́n á dé ibẹ̀ nígbà tí gbólóhùn ti parí. Dúró sójú ẹni tó ń gbọ́. Ohùn ẹni kejì ò ní sọnù, máìkì ń gbà á. Ojú tó ń gbọ́ ni mo máa fi bo ibi tí mo bá ti gé ọ̀rọ̀ kúrú.

Fọkàn fa ìlà láti imú ẹni kìíní dé imú ẹni kejì, kí o sì dúró sí apá kan ìlà náà. Bí o bá fò ó láìjẹ́ pé a rí ọ, àwọn méjèèjì á dà bíi pé apá kan náà ni wọ́n ń wò. Bó bá pọn dandan kí o kọjá, rìn kọjá nígbà tí kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, tàbí kí o yàwòrán ọwọ́, ife, tàbí ọmọdé tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn kí o tó bọ́ sí apá kejì.

Ìyá Máìkì

Ẹ ti dé ìdajì ọ̀rọ̀, ẹ ò tíì dárúkọ ohùn. Ọmọ mi, owó tí o fẹ́ fi ra kámẹ́rà yẹn, ohùn ni kí o ná an lé. Máìkì ìbọn kan, èyí gígùn tó ń gba ohùn ọ̀kánkán, pẹ̀lú onírun tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró, máìkì àyà méjì tí kò fi okùn so mọ́ kámẹ́rà, hẹ́ẹ̀dìfóònù tó bo etí pátápátá. Àwòrán tó mì díẹ̀, wọ́n á lò ó. Ohùn tó bàjẹ́ kò látùn-únṣe.

Gba ohùn ní 48 kHz, 24-bit, bí ohun èlò rẹ bá gbà á. Kí ohùn tó ròkè jù máa kan -12 dB lórí òṣùwọ̀n ohùn, kó má dé 0. Bí ẹ̀rọ rẹ bá lè gba ohùn kan náà sí ojú ọ̀nà méjì, jẹ́ kí ìkejì lọọlẹ̀ sí i ní 10 dB, nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lè bú sẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. Ti bàtá àti gángan tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: fi sí -20 dB kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí bí ọwọ́ wọn bá wọlẹ̀ tán, wọ́n á gbé e ju ibi tí wọ́n fi dán an wò lọ.

Aṣọ wa ni ọ̀tá máìkì àyà. Gínnì tó ní sítáàṣì àti léèsì máa ń pariwo bí ẹni ń fún bébà. Má fi máìkì há etí agbádá. Ara bùbá tó wà nínú ni kó lẹ̀ mọ́, ní àárín àyà, bí ìbú ọwọ́ kan sí àgbọ̀n. Fi téèpù mú un níwá lẹ́yìn kí aṣọ má baà máa fẹ̀gbẹ́ kàn án, kí o sì ká okùn rẹ̀ ní róbótó lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ téèpù, bí wọ́n bá fà á, máìkì ò ní dún. Bí ọba tàbí ìjòyè bá wọ iyùn, má sọ pé kí wọ́n bọ́ ọ. Gbé máìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ kì í dé, tàbí kí o lo máìkì ìbọn láti òkè.

Nínú yàrá, pa fáànù, pa fíríìjì. Fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ sínú fíríìjì náà: o kò ní lè lọ láìtàn án padà, ẹja onílé ò sì ní jẹrà. Kí o tó kó ẹrù, ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, kí o gba ìdákẹ́rọ́rọ́ yàrá yẹn fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

Ohun kan wà tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ lókè òkun ò ní sọ fún ọ. Èdè wa, orí ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ló dúró lé. Bí máìkì bá jìnnà tí ògiri sì ń dá ohùn padà, àwọn ọ̀rọ̀ á wọnú ara wọn, ẹni tó ń kọ ìtumọ̀ sábẹ́ fíìmù á sì kọ ohun tí bàbá yẹn ò sọ. Ìlù náà ń sọ̀rọ̀. Bí àyàn bá ń fi dùndún ki oríkì, má pa kámẹ́rà láàárín gbólóhùn rẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ìlù ló máa mọ̀ pé o já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ẹ̀gbọ́n Ojúlarí, ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Bí ènìyàn dúdú bá wọ léèsì funfun sábẹ́ oòrùn, tàbí nínú yàrá tí iná jẹnẹrétọ̀ wà, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ máa ń dàrú mọ́ mi lójú.

Ojúlarí

Kọ́kọ́ yí kámẹ́rà sí PAL, ètò fídíò tó bá iná 50 Hz mu. Bó bá wà ní NTSC, ètò ti Amẹ́ríkà, o ò ní rí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan rárá. Fi sí 25, kí shutter (ìwọ̀n àkókò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan fi ń gba ìmọ́lẹ̀) wà ní 1/50. Iná wa ń mì ní 50 Hz, 25 àti 1/50 bá a mu. Ẹni tó bá fi 30 àti 1/60 yàwòrán n'Íbàdàn, iná tí ń ṣẹ́jú ló máa bá bọ̀ wálé.

Shutter ò gbọdọ̀ kúrò ní 1/50 nítorí oòrùn. Gíláàsì dúdú, ND, ló ń dá oòrùn lóhùn. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú gan-an, tí ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó) wà ní 100, tí ojú lẹ́ńsì wà ní f/4, ND 1.5 ni wàá nílò, èyí tó ń gé ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdá kan nínú 32. Bí o bá gbé ISO lọ sí 800, ìdá kan nínú 256 ni, ND 2.4 nìyẹn. ND tí a ń yí lọ́wọ́ rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n má yí i dé òpin: àmì dúdú bí X á hàn lójú àwòrán. Ó tún máa ń gba dídán kúrò lára awọ ara, dídán yẹn ló sì ń jẹ́ kí ojú ènìyàn dúdú rí bí ohun tó ní kòtò àti òkè.

Ojú ni kí o fi díwọ̀n, kì í ṣe aṣọ. Bí kámẹ́rà bá wà lórí auto, léèsì funfun ló máa rí, á ṣú gbogbo rẹ̀ láti gba aṣọ là, ojú ìyá yẹn á sì di èédú. Wá ibòji, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí igi, kí aṣọ àti ojú má fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn. Ṣí i títí ìrísí ojú á fi hàn dáadáa, fi zebra (ìlà-ìlà tó ń hàn lójú kámẹ́rà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù) sí 95 kí o lè mọ ibi tí aṣọ ti ń jó. Bí etí léèsì kan bá jó díẹ̀, kò sí wàhálà.

Nínú yàrá, pa gílóòbù òkè. Gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, bí ìwọ̀n mítà kan àbọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Ògiri ẹ̀yìn kó jìnnà tó mítà méjì. Na aṣọ funfun sí apá kejì bí òjìji bá ṣú jù. Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré, bí fíríìjì bá gbéra ni eré rẹ̀ ń yí, kò ní dúró sí 50 Hz, gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú á sì máa fa ìlà kọjá lójú àwòrán, 1/50 ò lè wò ó sàn. Fèrèsé tàbí iná oníbátìrì lẹ̀rọ̀ rẹ̀.

Fún egúngún tó ń yí bírí: a7 III kì í kọjá 30 ní 4K. Sọ̀ ọ́ sí 1080, lo 50 àti 1/100, kí olóòtú lè mú un falẹ̀, kí aṣọ rẹ̀ sì fẹ́ jẹ́jẹ́. Má ṣe é fún gbogbo ijó náà o. Ohùn ìlù kì í bá àwòrán tó falẹ̀ lọ, olóòtú sì nílò ijó ní eré gidi rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Káàdì

Megabit 100 ní ìṣẹ́jú àáyá jẹ́ gígábáìtì 45 ní wákàtí kan. Káàdì 128 á gbà ọ́ tó wákàtí méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí márùn-ún lóòjọ́, 225 nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́wàá, ó lé ní 2 TB, o sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà méjì ó kéré tán, lórí dìráìfù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nínú àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má sì wọ mọ́tò kan náà bó bá ṣeé ṣe. Olè tó bá gbé àpò kan ò ní gbé fíìmù lọ.

Káàdì V30 (àmì eré tí káàdì fi ń gba àwòrán) ti tó fún kámẹ́rà yìí, má náwó lé V90. Jẹ́ kí káàdì méjèèjì máa gba nǹkan kan náà pọ̀. Káàdì tó bá kún, lẹ téèpù pupa mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ kí a tó rí ẹ̀dà méjì, kí sọ́fítíwíà tó ń yẹ̀ ẹ̀dà wò sì jẹ́rìí pé wọ́n bára mu. Kí a fi ọwọ́ fà á láti fódà kan sí èkejì, ká rí i pé ó ti parí, kì í ṣe ẹ̀rí. Káàdì 128 tó kún, bí ẹ̀rọ bá ń kà á ní MB 90, ìṣẹ́jú 24 ni. Bí o bá lo okùn USB àtijọ́ tó ń kà á ní 35, wákàtí kan gbáko. Ṣírò rẹ̀ mọ́ iye wákàtí tí iná máa wà.

Nígbà ọyẹ́, má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta. Bó bá di dandan, pa kámẹ́rà, kọ ojú rẹ̀ sílẹ̀, ṣe é nínú àpò ọ̀rá. Nígbà òjò, kó silica gel sínú àpótí lẹ́ńsì, nítorí ebu tó bá hù sínú gíláàsì ò ṣeé nù.

Àbẹ̀kẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ jọ̀ọ́, kí a tó gbé kámẹ́rà jáde rárá, ọ̀dọ̀ ta ni a ti gba àṣẹ? Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ọ̀kan ò sì lè rọ́pò èkejì: ààfin tàbí baálẹ̀, olórí ẹgbẹ́ tàbí awo tó ni ohun tí à ń ṣe, àti ẹni tí ojú rẹ̀ máa hàn. Ọ̀pọ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ kábíyèsí, wọ́n á rò pé ó ti parí. Ọba lè fún ọ láyè kí o wọ ìlú. Kò lè bá opó kan gbà pé kí ẹkún rẹ̀ wọ fíìmù.

Lọ lẹ́ẹ̀kíní láìmú kámẹ́rà dání. Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, sọ ohun tí o fẹ́ ṣe, kí o sì béèrè ohun tí o kò gbọdọ̀ yà kí wọ́n tó sọ ọ́. Bí o bá kọ̀wé àdéhùn, kọ ọ́ ní Yorùbá, kà á sókè sí wọn létí, kí o sì gba ìdáhùn wọn sínú kámẹ́rà pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé tó tẹ̀ka sí bébà Gẹ̀ẹ́sì ò tíì gbà fún ọ. Obìnrin kì í rí orò. Bí obìnrin bá wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ, wádìí ọjọ́ ìséde ṣáájú, kí o má sì retí pé wọ́n á yọ ọ́ sílẹ̀ nítorí kámẹ́rà.

Bó bá jẹ́ ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, tó máa ń bọ́ sí oṣù kẹjọ, igbó náà wà lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ilé ọnà àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Kọ lẹ́tà sí àjọ náà àti sí ààfin Àtáọ́ja, ṣe é ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Arugbá ń gbé igbá láti ààfin dé igbó, kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kọ. Má ṣe rìn sẹ́yìn níwájú rẹ̀. Rin ojú ọ̀nà náà ní ọjọ́ tó ṣáájú, wá ibi gíga mẹ́ta, kí o dúró sí ọ̀kan kí èrò tó pọ̀. Ní ti dírọ́ọ̀nù, má gbé e sókè láìní ìwé àṣẹ NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú, àti ti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààbò Orílẹ̀-Èdè.

Ọmọ Òkè-Àdó

Mo dúpẹ́ o, mà. Ó ku ọ̀rọ̀ owó, àti bí ẹni tí ò mọ̀ mí ṣe máa pè mí síṣẹ́.

Ará Peckham

Ya owó iṣẹ́ ọjọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó irinṣẹ́. Bí o bá dà wọ́n pọ̀, ọjọ́ tí oníṣẹ́ bá mú kámẹ́rà tirẹ̀ wá, wọ́n á ní kí o gbà ìdajì, ó sì dà bíi pé ọpọlọ rẹ ni wọ́n gé. Kọ ọ́ pé ọjọ́ kan jẹ́ wákàtí 10, iye tí wákàtí tó bá lé jẹ́, iye tí ọjọ́ ìrìn àjò àti ọjọ́ ìmúrasílẹ̀ jẹ́. Ìdajì owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fagi lé e ní ọjọ́ méjì sígbà náà, iye tí o máa gbà. Ta ló ni àwòrán tí a kò lò? Ṣé o lè fi ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ hàn láti wáṣẹ́? Orúkọ rẹ ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe máa kọ ọ́? Bí ohun èlò bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù, ta ni yóò san án? Gbogbo rẹ̀ ò ju ojú ìwé kan lọ, ṣùgbọ́n ojú ìwé kan yẹn ni kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìjà.

Ọ̀pọ̀ ló gba ẹnu iṣẹ́ ìròyìn wọlé. Túndé Kèlání bẹ̀rẹ̀ nídìí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n WNTV n'Íbàdàn yín níbẹ̀, ó lọ kàwé fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bá BBC àti Reuters ṣiṣẹ́ kó tó di olùdarí tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ nílé, National Film Institute wà ní Jọ́ọ̀sì. Àjọ̀dún iREP l'Ékòó, dọkumẹ́ńtárì nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àwọn olùdarí tó ń wá oníkámẹ́rà sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Bí o bá rí olùdarí tó rí owó gbà lọ́wọ́ IDFA Bertha Fund, àjọ tó ń fi owó ran dọkumẹ́ńtárì lọ́wọ́, bi í bóyá ó ti lẹ́ni tó ń kó àwòrán rẹ̀ pa mọ́. Ẹnu ọ̀nà yẹn rọrùn ju ti kámẹ́rà kìíní lọ.

Olóòtú Agége

Ní ti ohun tí o máa fi hàn wọ́n: yọ gbogbo òde ìyàwó kúrò. Ìṣẹ́jú méjì àwòrán oríṣiríṣi ò lè sọ fún olùdarí bóyá o mọ bí ìran kan ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń parí. Ìran kan ṣoṣo ni kí o fi síwájú, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ẹnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ kan, láìsí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, láìsí orin. Iséyìn ò jìnnà sí ọ. Lọ jókòó ti ahunṣọ kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ìran náà bá yé ẹni tó ń wò ó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé, fi ránṣẹ́. Bí kò bá yé e, padà lọ.

Ẹ̀gbọ́n Káàdì

Ohun kan tí mo gbàgbé. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọ wọ bàálù, bátìrì tí kò sí nínú kámẹ́rà ò gbọdọ̀ wọ ẹrù tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù. Ọwọ́ rẹ ni kó wà, kí o fi téèpù bo ẹnu irin rẹ̀. Bátìrì NP-FZ100 tìrẹ ò ju Wh 16.4 lọ (Wh ni ìwọ̀n agbára tó wà nínú bátìrì), kò níṣòro. Àwọn ńlá tó ń gbé iná àti kámẹ́rà, yan èyí tí wọ́n kọ 98 sí lára, nítorí láti 100 dé 160, o gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ilé iṣẹ́ bàálù, kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ti pa rẹ́, wọ́n lè gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, nítorí náà fi téèpù tí a lè rí òdìkejì rẹ̀ bo nọ́ńbà náà láti ọjọ́ tí o bá ti rà á.